Mo Fẹ́ra Kù

Nígbà tí mo wọn kílò mọ́kànléláàádóje,
ẹni tí kò mọ̀ mí rí lọ́jà Wàńdó
a na ọwọ́ sí ikùn mi:
"Ẹ kú ìkúnra o. Oṣù kélòó rèé?
A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."
Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní ó ku díẹ̀.
Ó ku díẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko.
Ọ̀rá ni mo pọ̀n síwájú,
kò sẹ́ni tó gbóhùn rẹ̀ rí.

Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì nínú mẹ́ta,
Múfútáù kó èsúsú,
a wọ mọ́tò lọ sí Kùtọ̀nú kí ilẹ̀ tó mọ́.
Dókítà gé àpò oúnjẹ mi bí ẹni gé etí aṣọ,
ohun tó ṣẹ́kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ.
Ó ní: "Síbí mẹ́ta, kí o dúró.
Omi, kí o máa mu ún bí ẹyẹ.
Oyún ńkọ́? Ó di lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún.
Ara tó ń jẹ ara rẹ̀ kò tíì ní oúnjẹ àlejò."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi,
láàárín àyà Ìyá Rafiátù àti ìbàdí aya Dọ̀sú.
Mo kọ ọ́, mo pa ìwé dé.
Ta ló ń ti ilẹ̀kùn ilé tí olè ò yà rí?

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.
Mo dín bùbá kan náà kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
n kò gé aṣọ rẹ̀, mo kàn ń ká a sínú ni.
Òrùka bọ́ sínú ìyẹ̀fun.
Àwọn ará Wàńdó kan náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí:
"Àìsàn wo ló ń ṣe é?"
Lóṣù karùn-ún, nǹkan oṣù tó ti gbàgbé ọ̀nà ilé mi
dé láìkan ilẹ̀kùn.
Ó tún dé lóṣù kẹfà.
Lóṣù keje, kò dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ, n kò fetí sí i rí:
a ní obìnrin fẹ́ra kù.
Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ìlà pupa méjì lọ́wọ́ mi,
mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú:
kílò mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi kù,
mo wá tún fẹ́ra kù.

Inú mi dùn.
Inú wo? Èyí tí wọ́n gé ni,
àbí èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn?
Ọ̀kan kò gbà ju síbí mẹ́ta lọ,
èkejì ń bèèrè egungun, ẹ̀jẹ̀, èékánná.
Mo dúró láàárín wọn bí onílàjà tí wọn ò sanwó fún.

Dókítà kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
Ó kọ oògùn kún ojú ìwé kan, ó ṣí èkejì.
"A ó máa ṣọ́ ọ," ló wí.
N kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń bá wí.

Ìyá Múfútáù gbé ẹja ọ̀sà wá, àwo kún dẹ́dẹ́:
"Jẹun, o ti di méjì."
Mo jẹ síbí mẹ́ta.
Ó wo àwo, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀.
Ó fa àpótí mọ́ mi, ó jókòó.
Nígbà tó pẹ́, ó tún gbé síbí kan sókè.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ọ̀sà Àjàṣẹ́ fi dúdú lẹ́yìn ilé,
síbí kan, ìdákẹ́jẹ́,
síbí kan.

Lálẹ́, mo tan iná sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù,
mo fi abẹ tú ojú rírán àkọ́kọ́.
Aṣọ tí mo ká sínú ṣì wà níbẹ̀,
àwọ̀ rẹ̀ tàn ju ti ìta lọ, oòrùn ò tíì rí i.
Mo tú èkejì.
Ẹ̀kẹta, mo fi í sílẹ̀ ná.